Òjò Tó Rọ̀ Kí Wọ́n Tó Bí Mi

Mo rántí ìgbà tí òórùn òjò àkọ́rọ̀ máa ń kó gbogbo ọmọ abúlé wa jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbé òórùn ilẹ̀ gbígbẹ yẹn dé, wọn á bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, wọn á sáré bọ́ sí gbangba, wọn á máa pariwo. Èmi náà máa ń gbọ́ òórùn yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó máa ń ṣe mí kì í ṣe ìdùnnú. Mi ò lè pè é ní ẹ̀rù náà, torí mi ò mọ ohun tí mo ń bẹ̀rù. Ńṣe ni ara mi máa ń kú. Ọwọ́ mi á tutù, etí mi á di, màá dìde láìdágbére fún ẹnikẹ́ni, màá sì máa lọ sílé. Ó ṣẹlẹ̀ rí pé mo dìde bẹ́ẹ̀ láàárín kíláàsì, tí tíṣà ń pè mí tí mi ò dáhùn. Mo rò nígbà náà pé bó ṣe máa ń ṣe gbogbo ọmọ tó bá gbọ́n nìyẹn.

Abúlé wa kò jìnnà sí Erunmu. Orí òkè ni ilé wa wà, òun nìkan ló sì wà níbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ máa pọn omi gun òkè ní àràárọ̀. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìbàdàn, máṣíìnì ni wọ́n ń gùn lọ tí wọ́n ń gùn bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń ra ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Alakia, àwọn ní tiwọn wá kọ́lé sínú oko bàbá wọn, wọ́n sì gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ga débi pé àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án la fi ń wọlé. Àwọn ará abúlé a máa fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀ pé akọ̀wé fẹ́ sún mọ́ ọ̀run. Ìlẹ̀kùn ilé náà kò ní kọ́kọ́rọ́, kò sì ní ìdábùú. Mùsùlùmí ni bàbá mi, màmá mi ń lọ sí ìjọ aláàdúrà. Olúkúlùkù ló ń gbàdúrà tirẹ̀, n kò sì gbọ́ kí wọ́n jà lórí ẹ̀sìn rí. Ká sòótọ́, n kò gbọ́ kí wọ́n jà lórí ohunkóhun. Ilé wa dákẹ́ ni.

Bí òjò bá ṣú, màmá mi á pe èmi àti àbúrò mi ọkùnrin wọ yàrá. Wọ́n á fi ọ̀já kan pọn àbúrò mi, ì báà jẹ́ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn tó ń gbá wọn ní orúnkún. Wọ́n á fi òmíràn so ọrùn ọwọ́ mi mọ́ ìdí wọn. A ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ìlẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu, omi á máa fẹ́ wọlé sí wa lára. Tí bàbá mi bá wà nílé, wọ́n á wọ kóòtù òjò, wọ́n á dúró sí àgbàlá, wọ́n á kọjú sí ìsàlẹ̀ níbi tí odò kékeré kan wà, wọn ò ní kúrò níbẹ̀ títí òjò á fi dá. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí òjò bá ti dá, màmá mi á tú wa, wọ́n á ní ká lọ jẹun, ọjọ́ á sì máa lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ta kókó ọ̀já náà. Kókó kan ni tó jẹ́ pé bí omi bá ṣe ń rin ín ni yóò ṣe máa le sí i.

N kò mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ ń fi yangàn. Mo ní ọ̀rẹ́ kan nílé ìwé tí màmá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ, mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé màmá rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀, ó ní kí ló dé, mo ní ṣebí kì í so ó mọ́lẹ̀ bí òjò bá ń rọ̀. Ọmọ náà wò mí títí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo rò pé ìlara ni. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì wá fún wa ní abẹ́rẹ́, èmi nìkan ni mi ò ké nínú gbogbo kíláàsì. Ọ̀gá ilé ìwé fi mí hàn gbogbo ilé ìwé, wọ́n ní akọni obìnrin nìyí, wọ́n sì ní kí n máa di àwọn ọmọ kéékèèké mú kí wọ́n lè gba abẹ́rẹ́ tiwọn. Mo dì wọ́n mú dáadáa. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń di ènìyàn mú.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wá kí wa láti Ìbàdàn nígbà kan. Bí wọ́n ṣe gun àtẹ̀gùn dé òkè, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n pe màmá mi ní ìyá ẹnì kan. Ní ilẹ̀ wa, orúkọ àkọ́bí la fi ń pe ìyá, èmi sì ni mo mọ̀ ní àkọ́bí, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n dá kì í ṣe tèmi. Orúkọ ọkùnrin ni. Abọ́ tó wà lọ́wọ́ màmá mi kò já bọ́, wọ́n gbé e wọlé lọ. Bàbá mi yára wí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Ẹ̀gbọ́n wọn fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé àgbà ló dé sí wọn tí wọ́n ń ṣi orúkọ pè. Ó sì bà mí nínú jẹ́ díẹ̀ pé èmi tí mo jẹ́ akọni, wọn ò rántí orúkọ mi.

Nígbà tí àbúrò mi pé ọmọ ọdún mẹ́rin, nǹkan yí padà lára màmá mi. Wọn kò pa àbúrò mi lára o, wọn kò sì fi ebi pa á. Ṣùgbọ́n wọn kì í wo ojú rẹ̀ mọ́, nígbà tó yá wọn kì í wo tèmi náà mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé oúnjẹ fún un, wọ́n á kọ ojú síbòmíràn. Bí a bá ń lọ sí ọ̀nà oko, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin débi pé ọmọ á ké, wọn kò sì ní dẹ ọwọ́. Wọ́n rù gidigidi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n sọ pé ààwẹ̀ ni, àwọn ará ìjọ sì ń yìn wọ́n fún un.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ́ ọjọ́ ọjà, ní àkókò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Màmá mi ru gàrí lọ sí ọjà, bàbá mi wà níbi iṣẹ́. Èmi àti àbúrò mi wà nílé ìdáná lẹ́yìn ilé, mò ń sun àgbàdo, òun ń fi ṣùkù to odi lórí ilẹ̀. Ilé ìdáná náà jẹ́ ti alámọ̀, òjò ti ń lá ògiri rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, bàbá mi sì ti ń sọ pé àwọn máa tún un ṣe. Afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ fẹ́ eérú sí wa lójú. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ojú ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo wo àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án tó lọ sínú ilé, mo rí i pé omi ti ń dà lórí rẹ̀, mo wí fún ara mi pé yóò yọ̀. Ọ̀já kan ṣoṣo ló wà lára ògiri ilé ìdáná, èyí tí màmá mi máa ń lò lóko. Kò lè gùn tó ẹni méjì. Mo pe àbúrò mi wá sídìí òpó tó wà láàárín ilé ìdáná. N kò tíì sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe tó ti gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè fúnra rẹ̀, kí n lè rí ọ̀já yí i ká. Mo ta kókó náà bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Inú mi balẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ń wo òjò láti ẹnu ọ̀nà.

Ìjì ló kọ́kọ́ ṣí páànù kan, lẹ́yìn náà ó ṣí méjì. Mo gbọ́ ìró kan lára ògiri bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fa aṣọ ya. N kò ronú. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi, àgbàlá ni mo bá ara mi nínú òjò kí n tó mọ̀ pé mo ti fò. Ìgbà tí mo yíjú padà, ìdajì ògiri náà ti wó sí ìdí òpó. Ẹrẹ̀ àti amọ̀ bo àbúrò mi dé àyà. Ó ń wò mí. Ọmọ náà kò ké. Mo fi ọwọ́ wa amọ̀ kúrò lára rẹ̀, mo fẹ́ tú kókó náà, kò tú. Mo fi eyín tú u, kò tú. Bí òjò ṣe ń rọ̀ sí i náà ló ń le sí i. Ìyókù ògiri ṣì ń mì lórí wa. Mo rò pé mo kígbe, torí ìyá àgbà kan tí oko wọn wà ní ìsàlẹ̀ òkè, tí wọ́n ń wá ewúrẹ́ wọn kiri, sáré gòkè wá pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Wọ́n gé ọ̀já náà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n gbé ọmọ náà jáde. Apá rẹ̀ òsì ti rọ̀ bí aṣọ tútù.

Ìyá àgbà náà wo òpó, wọ́n wo ọ̀já tí wọ́n gé, wọ́n wá yíjú sí mi.

"Ta ló so ọmọ ènìyàn mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́ báyìí?"

N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Màmá mi dé kété lẹ́yìn náà. Wọ́n ti fi gàrí sílẹ̀ lọ́jà láti ìgbà tí ojú ọjọ́ ti yí, wọ́n sì ti sáré láti Erunmu títí dé orí òkè nínú òjò náà, láìsí bàtà lẹ́sẹ̀. Wọ́n rí ọmọ lọ́wọ́ ìyá àgbà. Wọ́n rí ọ̀já. Wọ́n kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú mi, wọ́n di èjìká mi mú, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wo ojú mi fún oṣù mélòó kan nìyẹn.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

Mo retí kí wọ́n gbá mi létí. Ká ní wọ́n gbá mi ni, bóyá ì bá sàn. Ẹnu wọn là, ó là gidi, ṣùgbọ́n ohùn kankan kò jáde níbẹ̀. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí ìyá àgbà fi ní, "Ìyàwó mi, dìde, jẹ́ ká gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n á ti tọ́jú rẹ̀."

Ilé bàbá kan tó ń to eegun la gbé e lọ, ní abúlé kejì. Bàbá mi bá wa níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dé láti ibi iṣẹ́. Màmá mi wà nínú ilé pẹ̀lú ọmọ, à ń gbọ́ tí bàbá atoeegun ń sọ fún ọmọ náà pé kó rọra. Èmi àti bàbá mi jókòó sórí àga gbọọrọ kan níta. Aṣọ mi ṣì tutù. Wọn kò wò mí, ọ̀nà tó lọ sí oko ni wọ́n ń wò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ẹlòmíràn.

"O ní ẹ̀gbọ́n kan. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ilé tí a háyà nígbà náà wà létí odò, nínú Ìbàdàn. Omíyalé dé, omi ti dé orúnkún kí a tó mọ̀. Ìlẹ̀kùn kọ̀, kò ṣí, èjìká ni mo fi fọ́ ọ. Mo gbé àpótí kan lé orí, ibẹ̀ ni gbogbo ìwé ẹ̀rí mi wà. Mo ní tí ìwé wọ̀nyí bá lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn. Mo ní kí màmá ẹ di ọmọ mú lọ́wọ́ kó máa tẹ̀ lé mi."

Wọ́n bọ́ fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orúnkún.

"Àpótí náà dé òkè," ni wọ́n wí.

Mo bi wọ́n pé ibo ni mo wà lọ́jọ́ náà.

"O wà níbẹ̀. Oyún rẹ ti pé oṣù mẹ́ta."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Bàbá mi dìde. Wọ́n ní àkókò ìrun ti ń lọ, wọ́n béèrè omi lọ́wọ́ àwọn onílé, wọ́n sì lọ ṣe àlùwàlá. A kò tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá wọn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kò sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo sùn. Ohun tó ṣì ń yà mí lẹ́nu nìyẹn, pé mo sùn dáadáa. Apá àbúrò mi jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́ díẹ̀, kò lè nà án tán títí dòní. Màmá mi kò so wa mọ́ rárá. Bí òjò bá ṣú, wọ́n á lọ sí yàrá kejì, wọ́n á ní ká dúró sí pálọ̀. Wọn kì í fẹ́ di ọwọ́ wa mú mọ́, kódà lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń kọjá. Mo rò pé ó máa dùn mọ́ mi láti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀já, ṣùgbọ́n bí òjò bá ń rọ̀, ọrùn ọwọ́ mi á máa wá ohun tó sábà máa ń wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn màá fi ọwọ́ kejì dì í mú.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Wọn kò sọ fún wa nípa ọmọ ẹni náà, tí ejò kò bù jẹ rí, tí kò mọ ìyàtọ̀ ejò sí ekòló, tó kàn rí i pé gbogbo ilé ń sá, tí òun náà sì ń sá. Mo kúrò nílé lọ kàwé ní Ìbàdàn, mo di tíṣà, mo lọ́kọ. Nígbà tí mo bí ọmọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n wo bó ṣe rẹwà tó. Ohun tí mo kọ́kọ́ béèrè ni pé àjà kelòó la wà. Òjò kan rọ̀ nígbà tí ọmọ náà pé oṣù mẹ́fà, mo gbé e sẹ́sẹ̀, mò ń wo ìta. Ọkọ mi ló wá bá mi, ó ní, "Ìwọ, wo ẹsẹ̀ ọmọ!" Ìka mi márààrún ti yọ lára itan rẹ̀, pupa. Ọmọ náà kò ké. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Mo gbé e fún ọkọ mi, mo ní kó máa gbé e bí òjò bá ń rọ̀, n kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún un fún ọdún mélòó kan.

Àbúrò mi ní òun kò rántí ọjọ́ ògiri yẹn. Ẹlẹ́rìn-ín ènìyàn ni, awakọ̀ ni, ó sì ti ní ọmọ mẹ́ta. Èyí tó gbẹ̀yìn pé ọmọ ọdún mẹ́rin lọ́dún yìí. Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí lórí fóònù ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Tí mo bá bi í pé kí ló dé, á ní kò sí nǹkan kan, òun ní kóun kàn gbọ́ ohùn mi ni. N kò tíì sọ ohun tí mo rò fún un.

Màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa báyìí ní Alakia. Ọjọ́ orí ti tú nǹkan kan lára wọn. Wọ́n ti ń dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi tó bómi lọ. Wọ́n ń dá a ní gbangba, níwájú ọmọ mi, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ ra nǹkan ni. Wọ́n á ní kò fẹ́ràn kí wọ́n fá irun fún òun, wọ́n á ní ó máa ń fẹ́ wọ bàtà bàbá rẹ̀. Ọmọ mi á máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Màmá àgbà, ẹ tún sọ." Èmi ni mo máa ń dìde. Màá rántí aṣọ tí mo sá, tàbí omi tí mo gbé kaná, màá kúrò níbẹ̀. Mo ti ń ṣe é fún nǹkan bí ọdún méjì kí ọmọ mi tó bi mí pé, "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ máa ń dìde?" Mo ní kó lọ bá mi ká aṣọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ fún ọmọ mi pé omi já ọmọ náà gbà lọ́wọ́ àwọn. Ẹ̀wà la jọ ń ṣà. Mo fẹ́ dìde, mo rí i pé ọmọ mi ń wò mí, mo bá jókòó. Màmá mi ń sọ pé alòsì ni ọmọ náà, ọwọ́ òsì ló ń fi ṣe ohun gbogbo, pé àwọn máa ń gbá a lọ́wọ́ bó bá fẹ́ fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, títí ó fi kọ́ láti máa na ọ̀tún.

"Ọwọ́ wo lẹ dì mú lọ́jọ́ náà?" ni ọmọ mi béèrè. Ọmọdé ni, kò mọ̀ pé a kì í béèrè.

Màmá mi ṣa ẹ̀wà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n yọ òkúta kan, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọ̀tún ni," ni wọ́n wí. "Mo ní kó mú ọwọ́ wá, ọ̀tún ló nà sí mi. Òun ni mo kọ́ ọ. Òsì ló lágbára jù."

Wọ́n ń bá ẹ̀wà wọn lọ. Èmi náà ń bá tèmi lọ. N kò dìde.